Ìnṣì Mẹ́fà

Káfíńtà ni mí. Pákó ni mo mọ̀,
pẹ́ńsùlù sì wà létí mi
láti ìgbà tí irun mi ti dúdú.
Ẹ má bi mí léèrè irin.
Bí mo ṣe ń wí nìyẹn, kó tó di ọjọ́ òpó kẹrin.

Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni, lẹ́bàá òkè,
ibi tí kùrukùru kì í ṣí títí aago mẹ́sàn-án,
tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì
kó tó rí fìlà orí rẹ̀.
Ilé ìgbẹ̀bí là ń kọ́.
Ẹnjiníà Ṣónúgà ń gbé Adó,
fóònù ló fi ń bá wa ṣiṣẹ́.
Fálúyì ń tẹ irin. Ìgbìrà ni Onímísì tó ń po kọnkéré,
Kòjó tó máa lẹ táìsì, ará Kútọnu.
Ẹnì kan ń pè é nílé, ẹnì kan ń pè é ní ulé,
Onímísì á fi tirẹ̀ lé e, a ó rẹ́rìn-ín,
kálukú á padà sídìí ohun tó gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Fálúyì gun orí òkúta lọ wá nẹ́tíwọ̀kì.
Ohùn ẹnjiníà ń já bí okùn gbígbó:
"Òrùka… ìnṣì mẹ́… síra wọn… ṣé ẹ gbọ́?"
"A gbọ́ o, sà!"
Mẹ́fà gbéra l'Ádó,
mẹ́sàn-án ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta yẹn.

Mo rí i.
Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó gbó mọ́ mi nínú.
Mo ń kan fóòmù mọ́ òpó ni;
mo ya ọwọ́ mi, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín,
òrùka kan ò tíì kan òrùka kejì.
Ojú mi mọ ohun tí iṣẹ́ mi ò kọ́ mi.
Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun,
ṣùgbọ́n ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè mi,
mo sì ní ìṣó ni ò jẹ́ n sọ̀rọ̀.
Irin kì í ṣe tèmi.
Lọ́sàn-án, Onímísì da kọnkéré sí i.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè,
ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ẹnu tó mẹ́nu jù ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé, ẹnjiníà mú téèpù, ó wọn òpó karùn-ún tí a ò tíì bò,
ó wo ìkẹrin tó ti gbẹ.
Kò pariwo. Ì bá pariwo.
Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.
"Ta ló gbọ́ mẹ́sàn-án?"
Fálúyì ní òun ni.
"Ta ló rí i?"
Kùrukùru ti ká. Kò síbi tí mo lè sá sí.

Ọjọ́ méjì la fi fọ́ ọ,
òòlù lọ́wọ́ tèmi náà, èmi oníṣẹ́ pákó.
Nígbà tó ku irin nìkan,
Ìyá Ṣèyífúnmi tó ń pọnmi fún wa sọ garawa kalẹ̀,
ó wo òrùka tó jìnnà síra:
"Ṣé abẹ́ èyí ni ọmọ mi ì bá wá bímọ?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé agbada,
a ó dúró ti dúrọ́ọ̀mù omi.
Ẹnjiníà á wí, Fálúyì á tún un wí,
Onímísì á fi èédú kọ ọ́ sára pákó.
Ìtìjú ni lákọ̀ọ́kọ́, àgbàlagbà tó ń tún ọ̀rọ̀ wí bí ọmọ iléèwé.
Kòjó tí iṣẹ́ ò tíì kàn ló kọ́kọ́ bèèrè:
"Níbo ni páìpù máa gbà,
kí n má baà lẹ táìsì tán kí ẹ wá fọ́ ọ?"
A rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín; ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé ti dúró. Igbe ọmọ ń gba ojú fèrèsé jáde.
Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń fọwọ́ kan òpó kẹrin;
ó tutù bíi tàwọn yòókù.
Mo ṣì ń kó ìṣó sẹ́nu bí mo bá ń ṣiṣẹ́,
àmọ́ mo ti ń tètè tu ú.