Kọ Òdo

Wọ́n kó ìwé lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n gun òkè,
kí n máa bi ará Valparaíso léèrè lójúlé-dójúlé:
"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi ń ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀?"
Àpótí wà fún ọkùnrin, àpótí wà fún obìnrin,
àpótí wà fún ọjọ́ orí.
Kò sí àpótí fún àtẹ̀gùn.

Baltazar ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
apá rẹ̀ ki bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀.
"Irínwó ìṣẹ́jú ó dín mẹ́wàá." Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà.
Kẹ̀kẹ́ tó ń wà kì í kúrò lójú kan;
owó ló ń san kó tó làágùn.

Nibaldo awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì:
"Bọ́ọ̀lù? Mò ń gbá a o. Lórí àga. Lọ́jọ́ Àìkú."
Ìyàwó rẹ̀ ń nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bi òun náà.
"Èmi? Àyè dà?"
Ó fún àkísà, omi dúdú ṣàn sínú garawa.
Mo kọ òdo.

Yasna ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
sáré rí, àfi bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.
Láti èṣí ni àwọn ọmọkùnrin ti ń súfèé sí i ní pápá.
Ó fa ẹ̀wù bo orúnkún,
ó ní òun kàn fi í sílẹ̀ ni.
Bíírò mi dúró fúngbà díẹ̀.

Lókè téńté ni Eduvigis ń gbé, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ọkọ̀ tí okùn ń fà gòkè ti kú láti oṣù Kẹta.
Ojú ọ̀nà ni mo ti bá a,
ọ̀dùnkún kílò márùn-ún lọ́wọ́ ọ̀tún, búrẹ́dì lọ́wọ́ òsì.
Àtẹ̀gùn igba ó lé mẹ́rìndínlógún,
ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta bí oògùn bá tán nílé.
Mò ń mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró dè mí.

"Eré ìdárayá?" Ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó ronú sí i dáadáa.
"Ọmọ mi, èmi kì í ṣeré.
Kọ òdo."

Mo kọ ọ́. Kí ni ǹ bá ṣe?
Nígbà tí mò ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń ka àtẹ̀gùn náà.
Orúnkún mi ń gbọ̀n.
Ní ogóje, mo gbàgbé iye tí mo kà dé.