Wákàtí Mẹ́ta ní Kétu

Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó lẹ́bàá odò ìwẹ̀:
Ọjọ́bọ, ẹ fi òkun sílẹ̀, ẹ bá wa dé Kétu.
Àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan, oúnjẹ wà nínú owó,
wákàtí mẹ́ta láti fi wo ìlú.

Ibà dá Kòkú ògbufọ̀ dúbúlẹ̀.
Mùsé Rẹnọ́ọ̀ béèrè pé ta ló gbọ́ èdè ọ̀hún.
Èmi tí mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lájà kejì
ni mo nawọ́, táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà léjìká mi.
Wọ́n lẹ káàdì mọ́ mi láyà: Nadẹ́ẹ̀jì.
N kò sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.
Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọn ì bá ní ilé ni mò ń lọ,
wọn ì bá yọ owó ọjọ́ náà.

Afárá kọjá, Àjàṣẹ́ kọjá,
Ṣàkẹ́tẹ́, Ìpóbẹ́ pẹ̀lú ọ̀pẹ tó tò bí ọmọ iléèwé.
Ilẹ̀ ń pọ́n sí i bí a ṣe ń lọ,
títí eruku fi kun fèrèsé bọ́ọ̀sì
bí osùn ara ọmọ tuntun.
Màdáàmù kan tí oòrùn ti bó imú rẹ̀ bi mí
bóyá kìnnìún wà níbẹ̀.
Mo ní ewúrẹ́ wà.

Ní Àkàbà Ìdèna mo gbé ohùn Kòkú wọ̀.
Ẹ wo ilẹ̀kùn, mo ní. Ẹ wo yàrà.
Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ẹnu ọ̀nà yìí
ni àlejò ti ń sọ orúkọ rẹ̀ kó tó wọlé.
Kò sẹ́ni tó bi mí ní tèmi.
Wọ́n ń ya fótò. Mò ń ka ìṣẹ́jú.

Bí wọ́n bá ń gúnyán lágbàlá wa,
ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ibodè.
Mo fẹ́ mú wọn gba ọ̀nà mìíràn.
Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ Faransé.

Àwẹ̀ní!
Láti abẹ́ igi ọdán, ohùn tó gbó tí kò tíì ṣá.
Ìwọ nìyẹn, àbí ẹni tó jọ ọ́?
Mo kúnlẹ̀, tòun ti káàdì, tòun ti bàtà òtẹ́ẹ̀lì.
Ọkùnrin onífìlà koríko sáré gbé kámẹ́rà,
ó rò pé ètò ni, pé ó wà nínú owó.

Ìyá àgbà bu omi. Igbá kan, ó kún dé etí.
Ẹni tó mọ Kétu mọ ohun tí ìyẹn jẹ́:
kànga jìn, okùn gùn,
nígbà èwe rẹ̀, omi ni wọ́n ń tì mọ́lé, wọn kì í ti owó.
Ṣùgbọ́n ìwé òtẹ́ẹ̀lì wà lápò gbogbo wọn:
Ẹ má mu omi ìta.
Igbá ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹ̀rín ń bá a lọ,
kò sí ètè tó kàn án.
Ó padà débi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó ṣì kún.
Ìyá àgbà wò mí.

Mo mu ún. Mo mu tiwọn, mo mu tèmi,
ó ń ṣàn gba àgbọ̀n mi sórí káàdì,
íńkì Nadẹ́ẹ̀jì ń ro tó, tó, sórí ẹ̀wù funfun.
Nígbà náà ló tó sọ̀rọ̀.

Kí ló wí? màdáàmù bi mí.
Mo ní: ó ní ẹ kú àbọ̀.

Ohun tó wí ni pé:
ìgbà wo ni ìwọ náà di àlejò?

Fèrè bọ́ọ̀sì dún. Ó di ẹ̀pà sí mi létí aṣọ.

A dé etí òkun lóru. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá kẹtàdínlógún.
Ìwé tí wọ́n fi ń béèrè bó ṣe rí wà lórí tábìlì:
Kétu dára. Wákàtí mẹ́ta tó.
Mo gbọn eruku pupa inú bàtà wọn sínú ike ìdọ̀tí,
mo dúró,
mo tún bù ú jáde, ẹ̀kúnwọ́ kan,
sínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi.

Òkun ń pariwo níta.
Òùngbẹ ń gbẹ mí.