Kóńgò Tí Adìyẹ Ń Yé Sí

Èmi ni mo ń kọ ìwé ẹgbẹ́ ní Odò-Àràbà,
níbi tí Yemọjí ti ṣẹ́ bí igunpá kó tó wọ igbó.
Kì í ṣe pé mo mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni lọ;
ọwọ́ mi ni kì í gbọ̀n. Sàláwátù ló sọ bẹ́ẹ̀,
ìyẹn ni wọ́n fi gbé bírò fún mi.

Kó tó di pé a ní ìwé, kóńgò la mọ̀.
Kì í tilẹ̀ ṣe tiwa. Ti alájàpá ni,
ọkùnrin tó ń ti Ṣágámù bọ̀ lọ́jọ́ ọjà,
tó fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ títí tó fi jìn,
tó ń fọwọ́ méjèèjì kó gàrí jọ lé e bí òkìtì ọ̀gán,
tó sì ń pè é ní ẹyọ kan.
Ẹyọ kan!
Gàrí tí a bó, tí a rin, tí a fi òkúta tẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin
kó lè kan bí gàrí Ìjẹ̀bú ṣe ń kan,
tí èéfín rẹ̀ ti sọ ojú Mutiátù di pupa bí ẹyìn.
Olúkúlùkù ń dá tà á lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀
bí ẹni tó ń jí ẹrù ara rẹ̀ gbé.
Èló lo tà á fún un? A kì í bi ara wa.
Ojú ń tì wá.

Àáró kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ṣe é:
lónìí oko tèmi, lọ́tùnla oko tìrẹ.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ń yá ara wọn, kì í ṣe owó.
Ẹ̀yìn kì í sá lọ. Owó a máa sá.
Ọ̀tẹ́sànyà, akápò ìjọ́sí, gbé àpótí wa lọ sí Èkó
tòun ti kọ́kọ́rọ́.
Nígbà tí Sàláwátù wá ní ká dá ajẹṣẹ́kù,
a wò ó bí ẹni ń wo ejò nínú àkùrọ̀.
Ó ní: "Àpótí kan, àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ nílé mẹ́ta.
Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó mú àwọn méjì yòókù dání."
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìpàdé àkọ́kọ́.

Ọrún-ọrún, igba náírà.
Ọdún méjì àti oṣù kan
kí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tó dé, nínú ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mutiátù na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí páánù ti gé títí,
ó wò wọ́n bí ọmọ tó tàjò dé.

N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn.
Ojú ewé kọkànlá: Ràhímù bú alága.
Ojú ewé ogún: epo ẹ̀rọ tán, kò sẹ́ni tó fẹ́ dáwó.
Ojú ewé ọgbọ̀n: orúkọ tèmi,
èmi náà ni mo fi bírò pupa kọ ọ́.
Mo yáwó gbin ẹ̀gẹ́, òjò kẹ̀yìn sí mi,
ìyàwó mi wà ní ọsibítù n'Íjẹ̀bú-Òde,
koríko ga ju ẹ̀gẹ́ lọ.
Ní ìdájí ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀.
Mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n wá gbà.
Ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún.
Kò sẹ́ni tó kí mi kú ìrọ́jú.
Wọ́n roko dé ìdí ọ̀pẹ, wọ́n mu gàrí pẹ̀lú ẹ̀pà,
Sàláwátù sì bu owó ìtanràn lé mi
nítorí mo pẹ́ dé oko ara mi.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo san án.

Alájàpá ṣì ń wá. A kò lé e.
Ẹnu ọ̀nà kan ló kù fún un, iye kan,
kóńgò tiwa, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.
Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó sanwó.
Tirẹ̀ tó gbàgbé lọ́jọ́ náà
ń bẹ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Adìyẹ kan ti rí i;
ìdí jíjìn yẹn bá a lára mu.
Ẹyin mẹ́ta ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.
Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé:
tẹgbẹ́ ni.