Aago Méjì Òru ní Òkèmẹ̀sí

Aago méjì òru lù ní Òkèmẹ̀sí,
bàbá mi ti wẹ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun,
ó ti ta okùn bàtà rẹ̀ ní kókó méjì méjì,
ó dúró sẹ́nu ọ̀nà
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.
"Ẹ̀yin ulé o! Ojúmọ́ mọ́!"
Àkùkọ Ìyá Ìbídùn pàápàá kò tíì yí ọrùn.
Òkè yí wa ká bí ẹni tó sùn tó faṣọ borí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Fátúrótì fi lu agogo ilé-ìwé,
àjákù irin rélùwéè tí wọ́n so kọ́ ẹ̀ka máńgòrò.
Ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kò ní aago ọwọ́.
"Ara mi ló ń sọ fún mi," ni yóò wí,
kò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ̀ rí.
Àwọn tó ń roko lẹ́yìn òkè
a gbọ́ ọ, wọn a ju ọkọ́ sílẹ̀, wọn a jẹun.

Nísinsìnyí, aago méje alẹ́ kì í bá a lójúfò.
N ó gbé iyán dé, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà.

Ajá wa náà ń kọ́? Tanímọ̀la, ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
èyí tó lé ọ̀yà dé ojú ọ̀nà Ìmẹ̀sí-Ilé nígbà kan,
ó ń sùn lọ́sàn-án bí ẹni tó mu ògógóró.
Bílẹ̀ bá ṣú, a bẹ̀rẹ̀ sí yí àgbàlá po,
èékánná rẹ̀ a máa dún lórí sìmẹ́ńtì, kọ̀, kọ̀, kọ̀,
a dúró, a tẹjú mọ́ ògiri
bí ẹni ń retí lẹ́tà.

Ìyá Ìbídùn ní àwọn tó ti lọ ló ń pe bàbá.
Mo pe Moróunkẹ́jì, ọmọ àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ní Adó.
Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní:
"Àǹtí, aago kan wà lẹ́yìn ojú wa,
kò tó hóró ìrẹsì,
níbi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé.
Ènìyàn ní in, ajá ní in, òkété inú ihò ní in,
gbogbo ẹran tó ń fọ́mọ lọ́yàn.
Ọ̀kẹ́ kan sẹ́ẹ̀lì ló pé jọ síbẹ̀.
Nígbà èwe, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀ bí ọmọléèwé tó tò wọ kíláàsì;
tí àgbà bá dé, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀.
Aago ò kú o. Ohùn rẹ̀ ni kò ròkè mọ́.
Ojú alára sì ti dà bíi gíláàsì àtùpà tí èéfín bò,
ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó tún un tò kì í wọlé tó."

Mo rò ó títí.
Ọ̀kẹ́ kan ọmọléèwé nínú orí bàbá mi,
agogo ń dún,
kò sẹ́ni tó tò.

Nọ́ọ̀sì ní ká máa gbé e síta láàárọ̀ kí oòrùn kan ojú rẹ̀,
ká má sì jẹ́ kó sùn lọ́sàn-án.
Láti ọjọ́ Ajé la ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.
Oòrùn ibí kì í yá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè.
Bó bá yọrí, bàbá a wò ó láti òkè délẹ̀:
"O pẹ́ dé. Kúnlẹ̀ síbẹ̀."
Tanímọ̀la a na ara sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? N ò mọ̀.
Lánàá ó sùn di aago mẹ́ta àbọ̀,
mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri.

Ohun tí n ò tíì sọ fún Moróunkẹ́jì ni pé
kí bàbá tó pariwo, mo ti jí.
Mo dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta,
mò ń gbọ́ èékánná ajá lórí sìmẹ́ńtì,
mò ń kà á.