Ọjọ́ Méje Ni Wọ́n Fún Ojú-Ìwé Náà

Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un,
bí ayálégbé tí onílé já ìwé lé lọ́wọ́:
kó ẹrù rẹ, tàbí kí o mú ẹ̀rí wá.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi l'Ókefìà,
jẹnẹrétọ̀ ń hanrun lẹ́yìn ilé,
mo ń ka ohun tí Lámídì kọ sábẹ́ àkọlé náà,
“Àríyànjiyàn Lórí Òfin Àtìpó”:
Kò ní orísun tó tó. Ó ń ṣègbè.
Èyí kì í ṣe ìmọ̀, ẹjọ́ ni.
Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́.

Mo mọ Lámídì. Kì í ṣe èèyàn burúkú.
Ilé-ìkàwé ló ti fẹ̀yìn tì,
ó máa ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì;
àmì ohùn tó bá sọnù, á wá a kàn.
Òótọ́ ló sì sọ. Ẹni tó kọ ọ́, ìbínú ló fi kọ ọ́.
Ìtọ́ka méjì péré, ọ̀kan ti kú.

Ṣùgbọ́n orísun wo ni kí n mú wá?
Àpótí páànù kan wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi
tí bàbá rẹ̀ gbé ti Kùmásì bọ̀
lọ́dún tí wọ́n ní kí àlejò tí kò níwèé
fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.
Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ tí kò nílẹ̀kùn mọ́.
Nígbà tí lọ́rì já wọn sílẹ̀ l'Óṣogbo,
Twí làwọn ọmọ ń sọ, ẹbí ń rẹ́rìn-ín:
“Àwọn ará Gánà ti dé o.”
Lájò, àlejò. Nílé, àlejò.
Báwo ni wọ́n ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ìtọ́ka?
Ojú-ewé mélòó ni? Ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde?

Mo kọ ọ́: Ẹ fi í sílẹ̀.
N kò tíì fi ránṣẹ́ tí màmá mi fi gbé oúnjẹ wọlé,
ó fara ti àga, ó ní kí n kà á sí òun létí.
Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti lé wa,
ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.
Mo kà á parí.
“Ó tán?”
Ó tán, Mà.
“Tísà Kwàbéná wá ńkọ́?”

Ta ni Tísà Kwàbéná?

“Òun ló kọ́ wa ní ìṣirò ní Gbọ̀nmí.
Ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò níwájú orí rẹ̀.
Oṣù kìíní, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, rédíò sọ̀rọ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni.
A rí i ní gáréèjì, ó gbé báàgì alálà lé èjìká,
a ń kọrin tẹ̀ lé e.
Èmi náà kọ ọ́. Èmi tí wọ́n gbé nínú oyún
sá kúrò ní Kùmásì.
Ó wẹ̀yìn, ó rí mi, ó pe orúkọ mi.
Nígbà tí mo délé, bàbá mi kò bá mi wí.
Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.”

Epo tán. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.
Bátìrì ku mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.
Nínú òkùnkùn, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́, mo tún un kọ:
Ẹ̀gbọ́n Lámídì, òótọ́ ni, ó ń ṣègbè,
àmọ́ kì í ṣe níbi tí ẹ tọ́ka sí.
Ìdajì rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.
Ẹ fi í sílẹ̀. Mò ń lọ wá ìwé ìròyìn oṣù náà lọ́la.

Níta, Isúfù olómi ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá,
kẹ́ẹ̀gì ń lu kẹ́ẹ̀gì.
Ní Sátidé, nípàdé àdúgbò, wọ́n jiyàn títí
bóyá kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ máa sùn síbí.
Mo wà níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan.

Bátìrì ku mẹ́ta.
Màmá mi ní, “Kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.
Kwàbéná. Má jẹ́ kí àmì kankan sọnù.”