Igbá Jànábù

Lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Sábẹ̀ẹ́,
níbi tí koríko ti bo irin mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ kankan kì í kọjá mọ́,
ni mo ti ń rán igbá láti ìgbà wúńdíá mi.
Iṣẹ́ ìyá mi ni. Òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.
Rọ́bà ti gba ọjà báyìí:
oníbàárà mẹ́ta lóṣù, méjì, nígbà mìíràn ajá nìkan.

Ọdún tí Àwẹ̀ró ọmọ mi kú sórí ìkúnlẹ̀,
mo wá ìfọ̀kànbalẹ̀ káàkiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já.
Mo gbààwẹ̀ títí ẹnu mi fi ń rùn bí ihò òkété.
Mo gun òkè àpáta, mo sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méje;
òkúta kò sọ nǹkan kan,
ìrì ló bá mi sọ̀rọ̀, ikọ́ ló fi sílẹ̀ fún mi.
Pásítọ̀ ní kí n fi odidi ọkàn mi fún Ọlọ́run.
Mo ní: Bàbá, odidi wo?
Èmi tí mo ti di àfọ́kù, kí ni n ó gbé síwájú Rẹ̀?

Ọjọ́ ọjà kan nígbà ọyẹ́, Jànábù dé,
ìyàwó darandaran tó ń ta wàrà lẹ́bàá ojú irin.
Ó gbé igbá há abíyá, igbá ti là láti ẹnu dé ìdí.
Mo mọ̀ ọ́n. Màlúù àwọn ará ọkọ rẹ̀
ló jẹ oko kajú mi, igi igba ó lé mẹ́rin,
nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé.
Mo ní: Mi ò ráyè.
Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tí mo ń ṣe.

Kò jà. Ó jókòó sábẹ́ kajú kan ṣoṣo tó kù fún mi lẹ́yìn ilé,
ó na ẹsẹ̀, ó gbé igbá lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn.
Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó nawọ́ sí aṣọ Àwẹ̀ró lórí okùn,
tí mi ò ká láti ọdún méjì.
Ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè Fúlàní. Mi ò gbọ́ ọ.
Ó wá na ìka méjì sókè,
ó fi kan ikùn ara rẹ̀,
ó fi kan ilẹ̀.

Ọmọ méjì. Ilẹ̀.

Ta ni yóò tún máa ka igi kajú lójú èyí?
Mo wọlé, mo mú ìlu jáde, mo mú okùn ìko.
Mo lu ihò lápá kan, mo lu ihò lápá kejì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ojú mi ti ṣú,
okùn kọ̀, kò wọ ojú abẹ́rẹ́.
Jànábù gbà á. Ó fi itọ́ ra orí okùn, ó tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.
Èmi ń gún un láti òde, òun ń fà á láti inú.
Igbá ń ké kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ bí a ti ń fà á pọ̀.

Wọ́n ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara.
Òótọ́ ni. Ogójì ọdún ni mo ti ń rán igbá, mo mọ̀.
Àmọ́ fọwọ́ pa ojú rírán wò:
ibẹ̀ ló le jù. Bí igbá yẹn yóò bá tún fọ́,
kò ní í ti ojú okùn bẹ̀rẹ̀.
Ọlọ́run tí mo wá lọ sórí àpáta,
bóyá irú ihò báyìí ló ń gbà wọlé.
Mi ò mọ̀. Èmi kì í ṣe pásítọ̀.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo sùn lóru ọjọ́ náà,
mi ò jí gbọ́ ẹkún ọmọ-ọwọ́ tí kò sí nínú ilé.
Lówùúrọ̀ mo ká aṣọ orí okùn,
mo mú ìró kan níbẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gáà wọn.
Lọ́jọ́ ọjà báyìí, kí n tó gbálẹ̀ tán, Jànábù ti wà lábẹ́ kajú,
wàrà mi lọ́tọ̀ nínú ewé, kì í gbowó.
Bí mo ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín;
tèmi lẹ́nu rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn, mo sì ń jẹ́ ẹ.

Igbá náà ṣì ń jò díẹ̀, tó... tó...
ní ìdí, níbi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n jù.
Ajá ti mọ ibẹ̀.
Ó ń tẹ̀ lé e lọ sọ́jà,
ó ń lá ojú ọ̀nà.