Òkun Oníwákàtí Mọ́kànlá

Eyðun ti ṣírò ó.
Ó fi rúlà wọn àwòrán kan ṣoṣo
tí àwọn tó ń ṣe géèmù náà fi hàn,
ọkọ̀ ojú omi kan níwájú òkè dúdú.
Ó ní bí ọkọ̀ bá gùn tó báyìí,
tí òkè sì ga tó báyìí,
a jẹ́ pé wákàtí mọ́kànlá gbáko
ni a ó fi tukọ̀ láti èbúté kan dé èkejì.
Wákàtí mọ́kànlá!
Ẹnu àbúrò mi Høgni kò padé mọ́.

Ní abúlé tiwa ní Suðuroy
àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kò pé àádọ́rin.
Bí o bá sín lókè,
wọn á kí ọ pẹ̀lẹ́ nísàlẹ̀.
Àgùntàn lè wúkọ́ lóru
kí n dárúkọ ẹni tó ni ín.
Ta ni kò ní fẹ́ ayé tó gbòòrò?

Ni wọ́n bá ń fi kún un lálaalẹ́.
Bárður ní ìlú ńlá mẹ́rin ni yóò wà níbẹ̀.
Ọmọkùnrin kan láti Klaksvík,
tí a kò rí ojú rẹ̀ rí, tí ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́,
ní irọ́ ni, mẹ́sàn-án ni.
Høgni ní ẹgbàárùn-ún ènìyàn
ni yóò máa ṣeré lórí omi kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láì fara kanra.
Mo ní, bí ẹyẹ kò bá ní í fara kanra,
kí ni wọ́n ń bára wọn lọ síbẹ̀ ṣe?
Kò dá mi lóhùn.
Ó ń ka owó tó gbà ní oko ẹja,
owó díìsìkì tuntun,
nítorí wọ́n ní géèmù náà yóò wúwo,
yóò wọlé bí àlejò ẹlẹ́rù mẹ́wàá
tí onílé ń kó aṣọ ara rẹ̀ síta fún.
Ó ti ń pa fọ́tò rẹ́ láti fún un láyè.
Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ti Bàbá sílẹ̀.
Ó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Marjun, ìyá wa àgbà, ń hun súwẹ́tà lẹ́bàá fèrèsé.
Ó gbọ́ "òkun", ó gbójú sókè.
"Wákàtí mọ́kànlá? Ta ló wọ̀n ọ́n?
Ọmọ mi jáde láago márùn-ún ìdájí,
ó ní òun ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán.
Ọdún kẹfà rèé."
Ó hun ìlà kan tán.
Ó wá béèrè bóyá òjò ń rọ̀ nínú géèmù náà.
Høgni ní òjò ń rọ̀, ìjì ń jà, gbogbo rẹ̀ ló wà.
"Ẹ sì fẹ́ sanwó fún un?"

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni àwọn tó ń ṣe é sọ ọ́ fúnra wọn:
ogójì ìṣẹ́jú,
láti etí dé etí,
bí afẹ́fẹ́ bá dára.
Eyðun ju rúlà mọ́ ògiri
bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀.
Ọmọ Klaksvík ṣépè títí ohùn rẹ̀ fi há.
Bárður ní òun kò rà á mọ́.
(Yóò rà á. Mo mọ Bárður.)

Høgni nìkan ni kò sọ̀rọ̀.
Ó wọ bàtà òjò, ó jáde.
Mo rí i láti ojú fèrèsé,
ó ń tọ ẹ̀gbẹ́ òkè lọ
síbi ihò àpáta tí Bàbá máa ń so ọkọ̀ mọ́,
ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé mọ́.
Kò jìnnà. Ogójì ìṣẹ́jú, bí ẹsẹ̀ bá yá.
Ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà.
Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí irin.
Ó jókòó, kò tan ẹ̀rọ,
ó ń bi mí bóyá mo mọ
ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò yẹn.